Nígbà tí ewé bee balm bá ń funfun: ìrírí àwa tó gbìn ín

Olùfẹ́ Òdòdó:

Mo kí gbogbo ilé. Nítorí pé ẹnìkan nínú wa béèrè bóyá kí òun hú bee balm òun (òdòdó tí orúkọ rẹ̀ mìíràn ń jẹ́ Monarda) dànù torí ohun funfun tó bo ewé rẹ̀, mo fẹ́ sọ bí tèmi ṣe rí, nítorí ewé tèmi náà ti funfun rí débi pé ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò rò pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má hú u. Àrùn ewé tí wọ́n ń pè ní powdery mildew ni, kì í sábà pa bee balm. Ẹwà rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́, tí ewé ìsàlẹ̀ á sì máa rẹ̀ dànù ṣáájú àkókò.

Monarda didyma olódòdó pupa ni mo gbìn, lẹ́yìn ògiri kan tí oòrùn ń ta sí dáadáa ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ẹbí kan náà ni òun pẹ̀lú efinrin àti míǹtì, igun mẹ́rin ni igi rẹ̀ sì ní. Bíi ti míǹtì, abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbà tàn kálẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí ó ga tó mítà kan tí oyin sì ń jà lé e lórí, àfi ìgbà tí ìdí rẹ̀ há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè kọjá láàárín igi kan sí èkejì, tí àárín rẹ̀ sì pá, nítorí pé etí ni àwọn gbòǹgbò tuntun ń sá lọ. Ọdún yẹn gan-an ni funfun náà bẹ̀rẹ̀.

Oògùn tí mo fọ́n sí i dín in kù díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé mo wú u. Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, tí èhù tuntun kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ, mo fi ṣọ́bìrì wú gbogbo ìdí rẹ̀, mo da àárín tó ti gbó nù, mo sì fi ọ̀bẹ pín ti etí sí wẹ́wẹ́, kí èhù àti gbòǹgbò wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí atẹ́gùn ti ń gbà kọjá ni mo tún wọn gbìn sí, mo sì fi àyè sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 sáàárín wọn. Àyè náà yóò pọ̀ jù lójú yín nígbà tí ìdí kọ̀ọ̀kan kò tíì ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ẹ fara dà á. Bí wọ́n bá ń ga bọ̀, mo máa ń gé díẹ̀ nínú àwọn èhù tínínrín kúrò láti ìsàlẹ̀. Ní báyìí, ìgbà tí òdòdó bá ti ń tán lọ ni funfun náà ń yọjú, ewé ìsàlẹ̀ nìkan ni ó sì ń mú. Ní ọdún méjì sí mẹ́ta síra ni mo ń wú u.

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé:

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ àyè, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé omi ni ó ń fa àrùn yìí, nítorí náà wọ́n a máa fi omi du igi náà. Àrùn yìí kò dà bí ọ̀pọ̀ àrùn ewé mìíràn, kò nílò kí omi dúró lójú ewé kí ó tó wọ ewé lára. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti tó o, bí gbòǹgbò bá sì tún gbẹ, igi náà kò ní lókun láti kojú rẹ̀. Ẹ rántí pé ibi ọlọ́rinrin nínú igbó àti etí odò ní ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ni olódòdó pupa yìí ti ń hù fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ yanrìn ni tèmi. Láti ìgbà tí mo ti ń bu omi sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, tí mo sì ń fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ láìjẹ́ kí ó kan igi, ó ti gbádùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ajílẹ̀ díẹ̀ ni mo ń fún un, nítorí pé àjẹjù rẹ̀ a máa mú kí ewé rọ̀, kí àrùn sì tètè ráyè. Ẹ tún wo irú tí ẹ ń rà: 'Jacob Cline' mi mọ́ tónítóní nígbà tí 'Cambridge Scarlet' tó wà nítòsí rẹ̀ ti funfun. Kò sí èyí tí àrùn náà kì í mú rárá o. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó pọ̀ sí i, ẹ pín gbòǹgbò rẹ̀, nítorí pé èyí tó bá ti inú èso hù lè má jọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Oyin:

Monarda fistulosa, èyí tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, ni mo ń gbìn. Ó fara da ilẹ̀ gbígbẹ ju pupa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń funfun. Mo fura pé oyin ńlá onírun ni Olùfẹ́ Òdòdó rí lórí tiwọn, nítorí pé ọ̀pá òdòdó pupa gùn, ahọ́n oyin inú ilé afárá kì í sábà débẹ̀. Ẹyẹ hummingbird àti labalábá ni ó rọrùn fún. Ohun tó mú mi sọ èyí ni oògùn fífọ́n: èmi kì í fọ́n ohunkóhun sí i nígbà tí ó bá tan òdòdó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti igi gbígbẹ. Wọ́n ní kí á gé gbogbo rẹ̀ kí á sì kó o kúrò nítorí àrùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn oyin kéékèèké kan a máa yé ẹyin sínú ihò igi náà. Èmi ń kó ewé nìkan kúrò, mo sì ń gé igi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹni tó béèrè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa bóyá atẹ́gùn ń dé ibi tí tiyín wà, kí á tó mọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.