Wọ́n ní pátẹ́ǹtì oògùn kímò ìyá mi ò tíì parí

Ọmọ Kàbà:
Òkun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Xeloda ni dókítà kọ fún màmá mi nítorí jẹjẹrẹ ọmú, oníhóró ni, wọ́n á lò ó ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á sinmi ọ̀sẹ̀ kan, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ màmá pọ́n, ó sì ń bó. Mo wọ mọ́tò láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja, mo bi oníkẹ́míìsì kan pé ṣé kò sí irú ẹ̀ tó pọ́ọ́kú, ó ní rárá, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ní pátẹ́ǹtì lórí ẹ̀, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ ṣe é. Mo gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rà á, owó kajú ọdún yẹn bá a lọ.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní kí n wo Orange Book, ibẹ̀ ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ń to pátẹ́ǹtì oògùn sí, ọ̀fẹ́ ni, fóònù lásán tó o. Mo tẹ orúkọ ẹ̀, kò sí pátẹ́ǹtì kankan. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa yìí náà ni, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, mo bọ́ síta mo tún un tẹ̀, bákan náà ni. Àṣé èyí tó bá ti parí wọ́n ń yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ni! Capecitabine lorúkọ oògùn inú Xeloda, pátẹ́ǹtì ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti parí láti December 2013, ilé iṣẹ́ oògùn Teva sì ti gbàṣẹ láti ṣe tiẹ̀ ní September ọdún yẹn. Mo ní kí dókítà kọ capecitabine, mo yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò kí n tó sanwó, kò tó ìdajì owó tàtijọ́.

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, ẹ̀gbọ́n. Pemetrexed ni wọ́n ń gún fún bàbá mi, ti ẹ̀dọ̀fóró. Pátẹ́ǹtì oògùn fúnra ẹ̀ ti parí, mo ti ń yọ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé Lilly, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tún ní òmíràn lórí bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní folic acid àti fítámì B12 pẹ̀lú ẹ̀ kó má baà le jù fún ara. Ìyẹn ló gbé wọn dé May 2022 ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ọmọ Mọ́pà:
Èmi wá trastuzumab, oògùn jẹjẹrẹ ọmú kan, nínú Orange Book títí, kò sí, mo ní ó ti parí nìyẹn. Irọ́ o, kò fìgbà kan sí níbẹ̀, Purple Book, ìwé FDA fún àwọn oògùn tí wọ́n fi ohun abẹ̀mí ṣe, ni tiẹ̀ wà. Àti pé Amẹ́ríkà ni gbogbo ìyẹn, pátẹ́ǹtì tiwa ní Nàìjíríà wà lọ́tọ̀, 20 ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè fún un, MedsPaL, ìkànnì tó ń to pátẹ́ǹtì oògùn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ni mo fi ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n Kàbà, ẹ padà lọ bá oníkẹ́míìsì yẹn?

Ọmọ Kàbà:
Mo lọ. Capecitabine wà lórí pẹpẹ ẹ̀. Ó ní Xeloda ni mo béèrè, mi ò béèrè capecitabine.