Kọ́ńtáàtì inú Ìjàpá: èrò tèmi lórí "ojúkò-ìtanná" àti "ìfarakanná"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹni tó kọ́kọ́ mú àbá wá ní ká máa pe kọ́ńtáàtì tó wà nínú dísíríbútọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, ní "ojúkò-ìtanná", torí pé "points" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹlòmíràn fèsì pé "ìfarakanná" ló dáa jù, torí pé irin kékeré méjì ló ń fara kan ara wọn. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ìdí mi kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, inú ẹ́ńjìnì ló wà.

Ẹ jẹ́ ká mú Volkswagen Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1975. Bátìrì 12 volt ló ń lò, iná 12 volt kò sì lè fò kọjá ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n lọ́ jọ, ló ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Tí kọ́ńtáàtì bá pa dé, iná á gba inú kọ́ìlì kọjá lọ sára bọ́dì ọkọ̀, pọ́lọ́ọ̀gì ò sì tíì rí nǹkan kan. Ìgbà tí kámù, irin tó ń yí nínú dísíríbútọ̀, bá ti kọ́ńtáàtì sẹ́yìn, tó ṣí, tí iná já lójijì, ìgbà yẹn gan-an ni kọ́ìlì máa ju iná ńlá jáde, tí pọ́lọ́ọ̀gì á ta pàrà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì yẹn ń ṣí ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ṣíṣí yẹn ló ń bí iná. Ẹni tó bá pè é ní "ìfarakanná" ti fi orúkọ pe apá tí iná kò ti jáde.

Àwọn ará Jámánì tó ṣe Ìjàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Unterbrecher" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ohun tó ń já nǹkan láàárín. Àwọn Faransé ń pè é ní "vis platinées". Ní Brazil, níbi tí Ìjàpá ti ń jẹ́ Fusca, "platinado" ni, nítorí pé platinum ni wọ́n fi ń ṣe ojú rẹ̀ láyé àtijọ́. Tungsten ti rọ́pò rẹ̀, orúkọ kò yí. Kò sí èdè kankan níbẹ̀ tó tẹ̀ lé "points" àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló wá dé tí àwa yóò fi sọ ọ́ di "ojúkò", bí ẹni tó ń wá ìlú lórí máàpù?

Àbá tèmi ni ẹnu-iná. Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún Ìjàpá mi ṣe kì í sọ pé kọ́ńtáàtì bà jẹ́. "Ẹnu ẹ̀ ti jó" ló máa ń sọ, á sì gbé e síta kí n rí i: ojú kan ti gbẹ́ kòtò, èkejì ti yọ gegele. Ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ lè bá àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí iṣẹ́ náà ń lò rìn. Ẹ wò ó báyìí. Ọkọ̀ kọ̀, kò ṣáná. Ẹ fi gílóòbù kékeré kan sáàárín bọ́dì àti ẹsẹ̀ kọ́ìlì tí wáyà rẹ̀ lọ sí dísíríbútọ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ rọra fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì. Bí ẹnu-iná bá pa dé, gílóòbù á kú. Bó bá ṣí, á tàn. Bí gílóòbù bá ń tàn láìkú, ẹnu-iná kò pa dé dáadáa, tàbí ìdọ̀tí wà láàárín rẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, tó sì dá yín lójú pé iná dé kọ́ìlì, ẹnu-iná kò ṣí nìyẹn, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà, ẹ̀yà kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹnu-iná, ti kan bọ́dì nínú, tí iná ń gba ibẹ̀ sá lọ. Níbi tí kámù bá ti gbé e ga jù, ẹnu-iná gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 0.4. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ń fara nu kámù bá jẹ, ẹnu á máa fún, iná á máa pẹ́ kó tó ta, ọkọ̀ kò sì ní lágbára mọ́ tó bá dé òkè. Ẹ wá fi "ojúkò" tàbí "ìfarakanná" rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn gbólóhùn yìí, kí ẹ kà á sókè. "Ìfarakanná ṣí" kò tiẹ̀ ní ìtumọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé pọ́lọ́ọ̀gì náà ní ẹnu. Ó ní i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì kì í pa dé, orúkọ méjèèjì kò sì jọra tó láti ko ara wọn lójú.

Lórí kọ́ńdẹ́ńsà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká lo "agbaná" tí wọ́n dá lábàá. Lóòótọ́, òun ló ń gba iná tó fẹ́ fò láti ojú kan sí èkejì nígbà tí ẹnu-iná bá ṣí. Àmọ́ gbogbo wa la mọ ohun tí agbaná jẹ́: ẹni tó bá ń bá jà, owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀? Kọ́ńdẹ́ńsà ti wà lẹ́nu gbogbo mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ṣé "vis platinées" náà ni àwọn mẹkáníìkì yín ń sọ bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, àbí wọ́n ní tiwọn?