Ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ mi fi ń gbé wa rìnrìn-àjò ti kú síwájú ilé: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n jẹ́ kó máa lọ?

Ìyá Ìbejì, Abbey Wood, Lọ́ńdọ̀nù

Mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún méjì, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi dá sí i.

Ọkọ̀ kan wà níwájú ilé wa, Talbot Express tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990, irú èyí tí wọ́n kọ́ yàrá kékeré lé lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì olójú méjì wà níbẹ̀, síńkì wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré náà sì wà níbẹ̀. Ọkọ mi rà á ní ọdún 2003, nígbà tí àwọn ìbejì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì sí ìsinmi oṣù kẹjọ kankan lẹ́yìn ìyẹn tí a kò gbé e jáde títí tí àwọn ọmọ fi dàgbà. A gbé e dé Wales àti Cornwall, a sì gbé e lọ sí òkè Scotland títí a fi dé Inverness. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ọmọ á gun bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè orí awakọ̀, èmi á máa din ata fún ìrẹsì, àwọn òyìnbó tó pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa á sì máa wá béèrè ohun tí mo ń sè.

Láti ọdún 2019 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ti jí mọ́. Bàbá wọn sọ fún ìjọba nígbà náà pé ọkọ̀ náà kò ní jáde sójú títì, èyí tí wọ́n ń pè ní SORN, ó sì ń múra láti tún un ṣe nígbà tí àìsàn dé. Ní ọdún 2022, ó fi wá sílẹ̀. Òjò ti wọ inú ọkọ̀ báyìí láti apá òkè iwájú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ìka tẹ pákó tó wà lábẹ́ fèrèsé, ìka mi sì wọlé bí ẹni tó fẹ́ gé ẹ̀bà. Mo jókòó sórí àga inú ibẹ̀, mo sunkún títí.

Ọkùnrin kan ti wá kan ilẹ̀kùn pé òun á fún mi ní £150 lọ́wọ́, pé kí n kàn kó ìwé ọkọ̀ fún òun kí òun sì wọ́ ọ lọ. Ẹlòmíràn tí mo bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n kọ́kọ́ ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí òun. Táyé ní kí n pe àwọn tó ń ra àjákù irin. Kẹ́hìndé ní bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, bàbá òun kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe? Bí kò bá ṣeé tún ṣe, báwo ni mo ṣe máa jọ̀wọ́ rẹ̀ láìkó sí wàhálà, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ bàbá wọn ló ṣì wà nínú ìwé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òótọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ kú àfẹ́kù, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe mọ́tò ní ìlú yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ìṣòro ọkọ̀ yín. Talbot Express, Fiat Ducato, Peugeot J5 àti Citroën C25 ìgbà náà, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ kan náà ní Ítálì ló ń ṣe wọ́n, orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn níwájú ló yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní pẹ́ kó tó rí ohun èlò ẹ́ńjìnnì wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù. Bóyá epo inú táǹkì ló ti bàjẹ́, bóyá bátìrì àti páńpù epo ló ti kú, gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe.

Yàrá ẹ̀yìn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi to egungun rẹ̀, wọ́n wá fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lóde, wọ́n sì fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nínú. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí oríkèé àwọn páànù àti etí fèrèsé máa ń gbẹ, á sì sán, pàápàá níbi bẹ́ẹ̀dì òkè orí awakọ̀ tí òjò máa ń lù tààrà. Nígbà tí ẹ bá máa rí àmì omi nínú ilé, igi inú ti rà tipẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń wọn ọ̀rinrin inú pákó. Bí ó bá wà lábẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí ewu. Bó bá ti kọjá 20, iṣẹ́ ti dé. Bó bá wá kọjá 30, egungun ilé náà ti ń jẹrà nìyẹn. Pákó tí ìka wọ̀ kò nílò ẹ̀rọ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó lè tún un ṣe dáadáa, ó ní láti bó páànù òde kúrò, kó yọ igi tó rà, kó to tuntun, kó sì tún gbogbo rẹ̀ bò padà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, owó tí wọ́n á sì gbà yóò ju iye tí ọkọ̀ náà á tà lọ lẹ́yìn àtúnṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ kàn fi gọ́ọ̀mù tuntun kùn ún láti òde, omi tó ti wà nínú ni ó fẹ́ bá yín há mọ́bẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni òfin ULEZ, èyí tó ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú jù, ti dé gbogbo àgbègbè Lọ́ńdọ̀nù, Abbey Wood kò sì yọ sílẹ̀. Ọkọ̀ onípẹtiróòlù tí kò bá dé ìwọ̀n èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 4 yóò san £12.50 ní gbogbo ọjọ́ tó bá rìn, ọkọ̀ ọdún 1990 kò sì lè dé ibẹ̀. Òótọ́ ni pé bí ọkọ̀ bá ti pé ogójì ọdún, tí wọ́n sì ti fi sípò ọkọ̀ àtijọ́ nínú ìwé, wọn kì í gba owó yẹn mọ́. Ìyẹn ló máa ń mú kí àwọn kan sọ pé àwọn á dúró dè é. Ṣùgbọ́n òjò ọdún mélòó kan sí i lórí igi tó ti rà báyìí, Màmá, kò ní ku ohun tí ẹ máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ tèmi, mo máa jẹ́ kó lọ.

Àbúrò, Birmingham

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Èmi ń rò ó pé ṣé a kò lè fi ránṣẹ́ sílé ni? Àwọn mẹkáníìkì wa ní Ládípọ̀ lè jí òkú mọ́tò dìde, ó sì lè di ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, Peckham

Èrò dáadáa ni, àbúrò mi, ṣùgbọ́n kò ní já sí i. Àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Nàìjíríà kì í gba ọkọ̀ àlòkù tó bá ti dàgbà kọjá iye ọdún tí wọ́n fi lélẹ̀, èyí sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún títì ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Owó ọkọ̀ ojú omi nìkan á ju ohun tí irin náà tó lọ. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbé ẹrù wúwo sílẹ̀ kí wọ́n tún ru òmíràn.

Ìyá Tólú, Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Mo mọ ibi tó ti ń dùn yín. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni èmi náà jọ̀wọ́ tiwa, mo sì ṣe àṣìṣe tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe. Mo kó gbogbo ìwé ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní V5C, fún ẹni tó wá fi ọkọ̀ akẹ́rù wọ́ ọ lọ, n kò yọ apá tó jẹ́ tèmi, n kò sì sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ní Swansea. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá bá mi, nítorí pé ẹni náà kò tú ọkọ̀ náà ká rárá. Ńṣe ló tà á fún ẹni tó ń gbé e kiri. Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó bọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má gba £150 ọkùnrin yẹn. Láti ìgbà tí òfin àwọn oníṣòwò àjákù irin ti ọdún 2013 ti dé, kò bófin mu ní England àti Wales kí wọ́n fi owó ọwọ́ ra àjákù irin; inú báńkì tàbí nípasẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ni owó gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó bá na owó ọwọ́ sí yín ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ibi tí ìjọba fún láṣẹ láti tú ọkọ̀ ká ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní ATF. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti pa ọkọ̀ náà rẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún DVLA pé ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín, nítorí pé ẹni tí kò bá sọ ọ́ lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Àwòrán ìwé V5C kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjèjì rárá. Nọ́ńbà inú rẹ̀ tó láti fi ṣe jìbìtì.

Ní ti orúkọ bàbá wọn, ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, ẹ ya apá tó yẹ nínú V5C, kí ẹ fi lẹ́tà kún un tí ẹ ti sọ bí ẹ ṣe jẹ́ sí olóògbé, ọjọ́ tí wọ́n papòdà, àti orúkọ ẹni tí wọ́n máa san owó orí ọkọ̀ tó bá ṣẹ́ kù fún. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé SORN kì í bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ náà bá máa pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ ọ́ sórúkọ ara yín, kí ẹ sì ṣe SORN tuntun.

Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ yọ sílíńdà gáàsì kúrò. Bó bá jẹ́ ti Calor, ohun ìní ilé iṣẹ́ náà ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ da ohun tó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nù síbi tó yẹ. Fèrèsé oníke tí kò tíì sán, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlé-móoru, àwọn tó ṣì ń lo irú ọkọ̀ yìí ń wá wọn lójú méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ tà wọ́n lọ́tọ̀, ẹ sọ fún àwọn ATF ṣáájú.

Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé wọ inú rẹ̀ ní òun nìkan kó tó lọ. Tólú sùn nínú tiwa mọ́jú ọjọ́ tó máa lọ, nínú òtútù, kò sì gbà kí n sùn tì í. N kò béèrè ohun tó ṣe níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi jà mọ́ nítorí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Abbey Wood, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣé o, ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ̀ náà lọ lánàá.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, ẹ kò ṣì í. Ọ̀rẹ́ Táyé kan tó ní ẹ̀rọ ọ̀rinrin wá wọ̀n ọ́n, kò sí ibì kan lápá iwájú tó wà lábẹ́ 30. Ìyá Tólú, mo tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí ìjọba fún láṣẹ ni mo pè, inú báńkì ni wọ́n san owó sí, mo ya apá tèmi nínú ìwé, mo sì ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Swansea.

Kẹ́hìndé wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Nígbà tí ó jáde, ó ní kí Táyé bá òun mú sukudiráfà wá. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè síńkì ni ó fẹ́ tú. Mo ti gbàgbé pé bàbá wọn kọ nǹkan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ní ọdún tí a kọ́kọ́ lọ sí Wales, kí a má bàa gbàgbé ohun tó yẹ ká ṣe kí a tó gbéra. Bíírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ti ń ṣá: *Ti gáàsì. Ti fèrèsé òkè. Ka àwọn ọmọ. Gbàdúrà.*

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń fà á sókè, táyà ẹ̀yìn kan fọ́, ariwo rẹ̀ sì mú gbogbo wa gbọ̀n. Awakọ̀ náà dúró, ó bi wá bóyá a fẹ́ kí òun ní sùúrù díẹ̀. Táyé tó ti ń pariwo àjákù irin láti ọjọ́ yìí ló kọ́kọ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ibi tó ti dúró ṣì gbẹ, ó sì funfun láàárín kọnkéré tó ti léwé. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà wà lára ògiri ilé ìdáná wa báyìí. Kẹ́hìndé ló kàn án síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, níbi tí ojú mi ti máa ń tó o bí mo bá ń ti gáàsì lálẹ́.