Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tó kún fún asbestos: kí ló gbọ́dọ̀ jáde kí katapílà tó wọlé?

Agbaṣẹ́ṣe_Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan tó ti kógbá sílé ní Ìkẹjà ni wọ́n fẹ́ ká wó. Láàárín 1960 sí 1970 ni wọ́n kọ́ ọ. Òrùlé gbọ̀ngàn ìhunṣọ tó 2,400 m², páànù asbestos (fọ́nrán òkúta tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) ni gbogbo rẹ̀. Ilé bọ́ílà wà lẹ́yìn. Páìpù tí wọ́n fi lágìn funfun (ohun tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù kí ooru má bàa jáde) wé níbẹ̀ gùn tó mítà 70, aṣọ tí wọ́n fi bo lágìn náà sì ti ya níbi púpọ̀. Sílìn ọ́fíìsì jẹ́ pátákó tí kò tíì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Olówó ilẹ̀ fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ láàárín oṣù kan ààbọ̀. Ẹnì kan tó ń bá wa du iṣẹ́ náà ní òun á kàn gbé katapílà wọlé, ọjọ́ mẹ́rin péré, ó parí. Mi ò fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí ló yẹ kó ṣáájú, kí ló yẹ kó tẹ̀lé e? Ṣé a lè máa tú páànù lókè nígbà tí àwọn mìíràn ń yọ lágìn, kí àkókò lè dínkù?

Oníbọ́ílà_Leeds

Ẹ kú àníyàn, ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kí katapílà fọwọ́ kan ilé yẹn kí gbogbo asbestos tó jáde. Ẹ bá olówó ilẹ̀ ṣe ìṣirò yìí: páànù 2,400 m², tẹ́ ẹ bá tú u lódindi, á wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 40. Tí katapílà bá fọ́ ọ mọ́ bíríkì, kọnkéré àti iyẹ̀pẹ̀, òkìtì náà látòkè délẹ̀ ti di pàǹtí olóró nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ra kọnkéré bẹ́ẹ̀ láti fi dí ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa sanwó kó o dànù. Ọjọ́ mẹ́rin tó dà bíi pé ó dínwó yẹn ló wọ́n jù.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú, àyẹ̀wò tó ń tú ilé wò sì ni. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ilé tí èèyàn ṣì ń lò kò tó, torí ẹni tó ṣe é kò ní já sílìn, kò ní lu ògiri, kò ní ṣí bọ́ílà. Tiyín gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò tí páìpù gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀yìn sílìn, etí ilẹ̀kùn bọ́ílà níbi tí okùn asbestos máa ń wà, àti àárín fílánjì (etí irin tí wọ́n fi bóòtù so páìpù méjì pọ̀) níbi tí gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi há a kó má jò, wà. Lára lágìn, kí wọ́n mú àpẹẹrẹ kan ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n sì mú ti ọrùn fáàfù àti ti ìgunpá páìpù lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tún lágìn lẹ̀ nígbà gbogbo: èyí tó wà lókè lè jẹ́ fọ́nrán gíláàsì lásán, kí èyí tó wà lábẹ́ jẹ́ asbestos. Kí ohun tí wọ́n fi gún un kan irin kí wọ́n tó fà á jáde. Kí wọ́n fín omi sójú ibẹ̀ ṣáájú, kí àpẹẹrẹ wọ ọ̀rá méjì, kí wọ́n sì lẹ ojú ihò náà pa. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ irú asbestos tó jẹ́, màìkírósíkóòpù ló ń sọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ sílìn yẹn gidigidi. Páànù sìmẹ́ǹtì sábà máa ń ní asbestos ìdá 10 sí 15 nínú 100, sìmẹ́ǹtì sì dì í mú. Pátákó asbestos tí wọ́n ṣe láti dènà iná lè ní tó ìdá 40, ó rọ̀, bí èèyàn bá ṣẹ́ ẹ báyìí ni eruku ti gba yàrá. Bíi lágìn ni kẹ́ ẹ ṣe mú un, ẹ má mú un bíi páànù.

Lórí ṣíṣe méjèèjì pa pọ̀: rárá. Lágìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, nígbà tí ògiri àti òrùlé ilé bọ́ílà ṣì wà nídùúró. Inú ilé lẹ máa kọ́ àgọ́ ọ̀rá tó máa há eruku mọ́ sí. Bí òrùlé bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ àti òjò á fa àgọ́ náà ya. Ọ̀rá 1000 gauge (ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó) ni kẹ́ ẹ lò, ìlọ́po méjì nílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà jẹ́ yàrá kékeré mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kéré sí mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà méjì lókè. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde gba inú fíltà HEPA (èyí tó ń mú eruku tó kéré jù lọ) gbọ́dọ̀ pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú àgọ́ nígbà 8 ní wákàtí kan, kí ìfàmọ́ra inú rẹ̀ sì tó pásíkàlì 5 (òṣùwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́). Àgọ́ tó jẹ́ mítà 8 × 5 × 4 jẹ́ 160 m³. Ó ń béèrè 1,280 m³ ní wákàtí. Ẹ gbé ẹ̀rọ méjì tó ń fa 1,000 síbẹ̀, torí agbára ẹ̀rọ máa ń rẹlẹ̀ bí fíltà bá ṣe ń dí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi èéfín kún inú àgọ́, kí ẹnì kan yí i ká níta láti wo ibi tó ti ń jò.

Lágìn gbígbẹ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n fi ń fún omi tí wọ́n po ọṣẹ olómi díẹ̀ mọ́ sínú rẹ̀, kí omi náà rọra wọlé. Tí omi bá le jù, á tú lágìn náà ká. Ẹ jẹ́ kó mu títí á fi rọ̀ bí ẹ̀bà délẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ tó gé e. Ohun tó sábà ń bàjẹ́ níbí ni ìkánjú: òde ti tutù, àárín ṣì gbẹ táútáú. Fún páìpù gígùn tí lágìn rẹ̀ kò tíì ya, ọ̀nà tó yá jù ni kẹ́ ẹ yọ lágìn kúrò níbi díẹ̀ péré tẹ́ ẹ máa gé nínú àgọ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé ìyókù ní ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ gé irin tó ti mọ́, kẹ́ ẹ gbé páìpù náà jáde tòun ti lágìn rẹ̀. Fílánjì ńkọ́? Ẹ gé páìpù lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, kí fílánjì tòun ti gáskẹ́ẹ̀tì wọ ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná gé e.

Kàfíńtà_Mọ́kọ́lá

Ti òrùlé ni tèmi. Ìṣubú ló ń pa ẹni tó ń tú páànù asbestos kíákíá, kí eruku tó ráyè. Páànù tó ti lò tó ọdún 50 kò gbé èèyàn, bó ti wù kó dà bíi pé ó le tó, títí kan ojú ìlà bóòtù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fọkàn tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà bá le, ẹ gba ẹ̀rọ agbéniga, kẹ́ ẹ ti abẹ́ tú u. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ to pákó tó fẹ̀ sórí igi òrùlé, kẹ́ ẹ sì na àwọ̀n sábẹ́.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìfọ́nmi tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn rin páànù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò kò dáa níbí, ó ń ha fọ́nrán kúrò lára sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi sí bóòtù, kẹ́ ẹ fi ìrẹ́rin gé orí rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ fáìlì, kò sí ayùn oníná, kò sí òòlù. Bí wọ́n ṣe gbé e sórí ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ tú u: ti ṣóńṣó orí ilé kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó gun orí ìkejì rẹ̀, títí dé etí òrùlé. Páànù kan lè tó kílò 35, nítorí náà èèyàn méjì ni kó gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí pálẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀rá ti wà nílẹ̀ dè é. Kò gbọ́dọ̀ sí jíjù sílẹ̀. Ẹrẹ̀ inú gọ́tà òrùlé ní fọ́nrán tí òjò ti fọ̀ wá síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tútù ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì kó o sínú ọ̀rá. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, òwúrọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é kí afẹ́fẹ́ tó gbéra.

Agbaṣẹ́ṣe_Ìkẹjà

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Nǹkan méjì ló kù. Tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú àgọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń ta ìbòmú sì ní N95, ìbòmú lásán tó bo imú àti ẹnu, ti tó.

Oníbọ́ílà_Leeds

Ẹ má so ẹ̀rọ yẹn mọ́ iná NEPA rárá. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ni kó wà lórí rẹ̀, kí ìkejì wà nítòsí tí dísẹ́ẹ̀lì ti kún inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú, iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀: kí wọ́n fín omi sí ohun tó wà nílẹ̀, kí wọ́n jáde gba yàrá mẹ́ta náà bó ṣe yẹ, kí aṣọ ọ̀rá tó bo ẹnu ihò àbáwọlé afẹ́fẹ́ sì ti padé. Ìdí tí wọ́n fi ń fi aṣọ ọ̀rá síbẹ̀ nìyẹn.

N95 kò tó fún lágìn. Ìbòmú tó bo gbogbo ojú tó ní fíltà P3 (ìpele fíltà tó ga jù fún eruku), tí bátìrì ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ni wọ́n ń lò. Fún páànù títú níta, FFP3, ìbòmú tó bo imú àti ẹnu tó sì ń sẹ́ eruku ju N95 lọ, tó bá ojú ẹni náà mu lè ṣe é. Ẹni tó dá irùngbọ̀n sí, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni, ẹ jẹ́ kó fá a tàbí kó ṣe iṣẹ́ mìíràn. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ délé. Àwọn ìyàwó tó kàn ń fọ aṣọ ọkọ wọn ti ní jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, ó sì sábà máa ń gba ọdún 20 sí 50 kó tó fara hàn. Ẹ gbé ilé ìwẹ̀ síbi iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó tú àgọ́ palẹ̀, kí olówó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gba ẹni tó máa wọn afẹ́fẹ́. Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́dọ̀ tó fọ́nrán 0.01 nínú sẹ̀ǹtímítà kíúbù kan, wọ́n á sì fa lítà 480 afẹ́fẹ́ gba inú fíltà kí wọ́n tó kà á. Tí eruku bá ṣì hàn sójú, kò sídìí láti wọn nǹkan kan, ẹ padà lọ nù ún.

Ìyá_Ààbò

Ẹ̀gbọ́n, kí ìwé àṣẹ ìwólé ti wà lọ́wọ́ yín láti LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Lórí ibi tí pàǹtí ń lọ, ẹ bá LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Èkó, sọ ọ́ ní ìwé, kẹ́ ẹ gba èsì wọn ní ìwé, kí páànù kan tó kúrò nílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dé ààtàn tí àwọn èèyàn ti ń ṣa irin. Àwọn aládùúgbò máa wá bẹ̀ yín fún páànù láti fi bo ilé ewúrẹ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ṣọ́ àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù lóru: wọ́n á wá fi òòlù lu lágìn kúrò lára páìpù torí irin.

Tí tíráńsífọ́mà àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òróró inú rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tà á. Òróró ìgbà yẹn lè ní PCB, kẹ́míkà olóró kan. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbé e.

Lẹ́yìn tí asbestos bá ti jáde, ewu irin ló kù. Wẹ́dà tó bá ń gé òpó díẹ̀díẹ̀ kí ilé lè tètè wó ń ṣe ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣírò. Ní Didcot A, ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n tì ní 2013 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé bọ́ílà wó ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2016 nígbà tí wọ́n ṣì ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún wíwó. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló kú. Ẹ ti òkè wó wá sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa okùn yí ibi tí irin lè já sí ká.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń hú ìpìlẹ̀, ẹ retí páìpù omi tí wọ́n fi asbestos ṣe lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí katapílà fà á. Ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ yí i ká, ẹ rin ín, ẹ tú u níbi ìsopọ̀, kó wọ ọ̀rá méjì lódindi bíi páànù.