Ọmọ mi ní ìjàpá lòun fẹ́ máa sìn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àdùnní:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣe é rí á wà níbí. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 8 ni, òun nìkan ló kù sílé báyìí torí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ bọ́dìn, ilé wá pa rọ́rọ́ mọ́ ọn lára. Ó ní òun fẹ́ nǹkan ẹlẹ́mìí tí òun á máa sìn, ìjàpá ló sì fẹnu kàn. Èmi ni mo sọ ìtàn Alágbà fún un, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún, ọba wa níbí n'Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe ń mú wa lọ wò ó nígbà tí a wà ní kékeré, bó ṣe máa ń rọra yọrí, tí gbogbo àwa ọmọdé á dákẹ́ ṣìn-ìn. Bí mo ṣe sọ fún un pé Alágbà kú ní 2019, ó ní ká lọ ra tiwa.

Lọ́jọ́ Sátidé mo rí ọdẹ kan lọ́jà tó gbé ìjàpá kékeré kan sínú abọ́ rọ́bà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó ń fi èékánná họ ara rọ́bà yẹn, ó fẹ́ gùn ún jáde, ó ń yọ̀ padà. Mo fẹ́ rà á, ọkàn mi ò gbà.

Bàbá rẹ̀ ní ká ra ehoro. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ìbàdàn ní ọ̀bọ ló dáa jù torí ó gbọ́n. A ní ẹ̀yìnkùlé díẹ̀, igi máńgòrò kan wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò kì í sí nílé láti aago 7 àárọ̀ títí di 4. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ ra nǹkan tó máa kú mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Dókítà Ẹran:

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó rà, mà. Ìjàpá inú abọ́ yẹn, inú igbó ni wọ́n ti mú un, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Salmonella, ó máa ń wà nínú ìfun ìjàpá àti lára èèpo rẹ̀, kò ní ṣe ìjàpá fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan, ìbátan kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù ni. Ọmọ á fọwọ́ pa á lára tán, á fi ọwọ́ yẹn náà mú àkàrà. Nítorí ẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa ìjàpá tí èèpo rẹ̀ ò tó ínǹṣì 4 láti 1975, torí irú èyí tó kéré bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọdé máa ń kì bọ ẹnu. Ilé tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 bá wà, mi ò ní gbà kí wọ́n sìn ín rárá.

Ọjọ́ orí rẹ̀ tún ńkọ́. Ààfin ní Alágbà lo ọdún 344, àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà pé ìjàpá lè pẹ́ tó yẹn, èyí tó dàgbà jù tí wọ́n ṣì mọ̀ pé ó wà láàyè, Jonathan ní erékùṣù Saint Helena, nǹkan bí 1832 ni wọ́n ní ó jáde nínú ẹyin. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lò tó ogún ọdún, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdùnní á wọ yunifásítì, á lọ sílé ọkọ, ìjàpá á ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin lẹ ó máa já ewé fún un mà.

Ọmọ Ajílété:

Ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n yín, kí wọ́n má dárúkọ ọ̀bọ mọ́. Bàbá àgbà wa sin ọ̀kan nígbà tá a wà ní kékeré, ó máa ń jókòó lé wa léjìká, ó máa ń tú irun wa, gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tó dàgbà ló yí padà. Ó gé àbúrò mi jẹ lọ́wọ́ nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ní láti máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ nítorí dìgbòlugi, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Àpá yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ohun tó sì dùn mí jù nígbà tí mo wá dàgbà tí mo mọ̀ ni pé kí ọdẹ tó rí ọmọ ọ̀bọ mú, ó ti ní láti pa ìyá rẹ̀ ná.

Ìyá Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù:

Ehoro ni kẹ́ ẹ rà mà, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn mo ra 2 fún ọmọ mi ọkùnrin, káfíńtà kan kéèjì tó rẹwà fún wa, a gbé e sábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òjò ò lè débẹ̀, ó dùn mọ́ wa. Ó di March, ẹ mọ bí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù ní aago 2 mo bá ọ̀kan tó nà gbalaja, imú rẹ̀ ń lọ wìrìwìrì, mo fọwọ́ kan etí rẹ̀ ó gbóná bí ìkòkò, kó tó di alẹ́ ó ti kú, èkejì tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì. Ọmọ mi ò jẹun. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó ń sin ehoro tà wá ṣàlàyé fún mi pé ehoro kì í làágùn, etí yẹn ló fi ń tú ooru dànù, tí ooru bá ti ń kọjá dígírì 30 báyìí ìyà ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Òtútù ọyẹ́ ò tó nǹkan sí i, ooru ló ń pa á.

Torí náà abẹ́ máńgòrò yín yẹn gan-an ni ilé rẹ̀. Ẹ bu omi sínú ike, ẹ jẹ́ kó dì nínú fírísà, ẹ gbé e tì í kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ máa rí i bó ṣe máa fẹ̀gbẹ́ tì í, ẹ má sá lo píọ́ wọ́tà torí ó máa gé ọ̀rá rẹ̀ jẹ. Koríko ni kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ nítorí eyín rẹ̀ kì í yé hù, koríko ló ń bá a lọ̀ ọ́ kúrú. Ewé yúnyun, ewé ọ̀dùnkún, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ, àmọ́ ẹ má fún un ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ kọ́ Àdùnní kó jókòó sílẹ̀ kó tó gbé e, ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, kó má fi etí gbé e láéláé, tó bá jà tó tapá lófìfo, ó lè dá ara rẹ̀ léegun ẹ̀yìn. Abo méjì ni kẹ́ ẹ rà, tẹ́ ẹ bá pa akọ àti abo pọ̀, ọjọ́ 31 péré loyún rẹ̀.

Àbíkẹ́:

Guinea pig, ẹran kékeré kan tó dà bí eku tí ò nírù, náà dáa fún ọmọ tó fẹ́ máa gbé nǹkan lé itan, kì í fò bí ehoro. Ara rẹ̀ ò lè pèsè vitamin C fúnra rẹ̀ ni, ẹ gbọ́dọ̀ máa fún un ní tàtàṣé tàbí gúáfà lójoojúmọ́. Òun náà ò fẹ́ ooru.

Ìyá Àdùnní:

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ehoro la máa rà, abo méjì. Mo ti bá Àdùnní sọ ọ́, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní ṣé ehoro máa ń mọ orúkọ ara ẹ̀, torí Alágbà lòun fẹ́ sọ ọ̀kan. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la, kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù:

Tó bá jẹ́ Àdùnní ló ń fún un lóúnjẹ, á mọ ohùn rẹ̀, tó bá ti pe Alágbà á sáré wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí káfíńtà fi pákó pẹrẹsẹ kan sórí wáyà ìsàlẹ̀, torí wáyà nìkan máa ń dá egbò sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kó ṣe ẹsẹ̀ kéèjì kó ga tó ìgbáròkó yín, kẹ́ ẹ wá ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo mílíìkì tẹ́ ẹ bu ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù sí, kí ìjàlọ má bàa gùn ún lóru.