Ṣé torí Bill McCracken ni wọ́n ṣe yí òfin ọ́fúsáìdì padà lóòótọ́?

Àdìsá_Bọ́ọ̀lù: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ. Níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù lánàá, bàbá kan ní bẹ́ẹ̀kì Newcastle kan láyé àtijọ́, Bill McCracken, ló fà á tí wọ́n fi yí òfin ọ́fúsáìdì. Mo ní irọ́ ni, la bá fi bíà kan ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣúrùlérè: Wá owó bíà o. Ọmọ Belfast ni, Distillery ló ti wá sí Newcastle lọ́dún 1904, kò kúrò níbẹ̀ àfi 1923. Wọ́n gba líìgì 1905, 1907 àti 1909, wọ́n tún gba FA Cup 1910. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú fún àtamátàsé, èèyàn mẹ́ta láti ẹgbẹ́ kejì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti ilé, gólíkípà wà lára wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ́fúsáìdì ni. McCracken á dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, bí wọ́n bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù síwájú báyìí, á fò jáde, á wá ku bẹ́ẹ̀kì ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Frank Hudspeth, àti gólíkípà nìkan lẹ́yìn, fèrè dún! Tí kò bá tètè jáde ńkọ́? Hudspeth ṣì wà lẹ́yìn tó máa gbá a dànù.

Tísà_Àgbà: Ẹ rọra, kì í ṣe òun nìkan. Morley àti Montgomery, àwọn bẹ́ẹ̀kì Notts County, náà ń ṣe é. Nígbà tó yá gbogbo bẹ́ẹ̀kì kọ́ ọ, góólù wá di ọ̀wọ́n. Góólù 1,192 ni gbogbo First Division, líìgì tó ga jù ní England nígbà yẹn, jẹ lọ́dún 1924-25, wọ́n sọ èèyàn mẹ́ta inú òfin di méjì, ó fò sókè di 1,703 ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Ìyá_Ìbejì: Èmi, ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ireland ló dùn mí jù. McCracken ní kí wọ́n san iye tí wọ́n ń san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù England fóun, wọ́n bá lé e dànù ní 1908, ó di lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní kó tó tún wọ jẹ́sì wọn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn béèrè owó iṣẹ́ ẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣúrùlérè: @Ìyá_Ìbejì àbí ẹ ò rí nǹkan. Wọ́n tún máa ń sọ pé ẹgbẹ́ kan wọ rélùwéè dé Newcastle, gáàdì fọn fèrè ní ibùdókọ̀, ni agbábọ́ọ̀lù kan bá ní "Háà, ọ́fúsáìdì ti dé nìyẹn?" 😂

Àdìsá_Bọ́ọ̀lù: Mo ti gbà. Àmọ́ tó bá jẹ́ 1925 ni wọ́n yí òfin, tí bàbá yìí sì ti lọ di kóòṣì Hull City láti 1923, tí àwọn Notts County náà sì wà ńbẹ̀, ṣé kì í ṣe ààbọ̀ bíà ni mo jẹ báyìí?