Lórí «orin irin dúdú» àti «àwo ilé ìgbohùnsílẹ̀»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Lórí bí a ó ṣe túmọ̀ black metal, irú orin rọ́ọ̀kì líle kan, àti studio album sí Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pe It Beckons Us All, tí Darkthrone gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ní «àwo ilé ìgbohùnsílẹ̀ tuntun ti ẹgbẹ́ olórin irin dúdú ọmọ Nọ́wè». Mo fara mọ́ «àwo», òun la ti ń lò láti ayé giramafóònù. Ìyókù kò tíì gún.

«Orin irin dúdú» yóò ṣi èèyàn lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá gbọ́ «orin irin», ọkàn rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ Ògún, ìjálá ni yóò máa retí. Ẹni tó bá gbọ́ «dúdú» á rò pé orin àwa aláwọ̀ dúdú ni. Bẹ́ẹ̀, orúkọ àwo tí Venom, àwọn ọmọ Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1982 ni wọ́n fi sọ irú orin yìí. A kò túmọ̀ rẹ́gè, a kò túmọ̀ jáàsì. Kí ó máa jẹ́ black metal. Ẹ jọ̀ọ́, Sàtánì inú orin wọn, ẹ má sọ ọ́ di Èṣù. Bíbélì ló kó wa sí wàhálà yẹn. Òrìṣà tó ń gbé ẹbọ lọ kò sí nínú ohun tí Mayhem, ẹgbẹ́ black metal mìíràn ní Nọ́wè, ń wí.

«Ilé ìgbohùnsílẹ̀» burú jù, torí ibì kan ló ń tọ́ka sí. Grieghallen ní Bergen ni Mayhem ti gba De Mysteriis Dom Sathanas (1994) sílẹ̀, gbọ̀ngàn eré ńlá sì nìyẹn. Lọ́dún kan náà, Transilvanian Hunger ti Darkthrone jáde: ẹ̀rọ ọlọ́nà mẹ́rin, tó ń gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí téèpù, tí Fenriz, onílù wọn, ní nílé ni wọ́n fi gbà á. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ìlù bá gba ọ̀nà méjì, méjì péré ló kù fún gìtá, béèsì àti ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ àyè sí i á da ọ̀nà méjì pọ̀ sórí ọ̀kan, ariwo téèpù á sì máa ga sí i. Síbẹ̀ studio album ni méjèèjì, nítorí orin tuntun ni, kì í sì í ṣe níwájú èrò ni wọ́n ti gbà á. «Àwo orin tuntun» ti tó. Èyí tí wọ́n gbà níwájú èrò, «àwo ojú agbo». Èyí tí wọ́n ṣà jọ, «àwo àṣàjọ».

Wọ́n tún dábàá «gìtá gbígbọ̀n» fún tremolo picking. Rárá o. Ìka tó ń mi okùn lórí ọrùn gìtá ló ń gbọ̀n ohùn, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Èyí tí à ń wí, ọwọ́ kejì ló ń ta okùn kan náà sókè sódò láìsinmi. Bí ìlù bá ń lọ ní 180 ní ìṣẹ́jú kan, tí a ta okùn lẹ́ẹ̀mẹrin lórí ìlù kọ̀ọ̀kan, ìgbà 12 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọrùn ọwọ́ ni kó ti wá. Ẹni tó bá ń fi ìgúnpá ta á, apá rẹ̀ á le gan-an kí orin tó dé ìdajì. Mo dábàá «ìta-léraléra».

Fún blast beat, ìlù yíyára inú orin yìí, «ìlù ààrá» tí wọ́n dábàá kò bá a mu, torí ààrá máa ń sán tán kó tó tún sán. Níhìn-ín, ìlù ẹsẹ̀ àti snare (ìlù pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀pá lù) ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn láìsí àlàfo, aro sì ń bá wọn lọ. «Ìlù wàràwàrà» ni mo fara mọ́.